Etí Tí Kì Í Kún

Nígbà tí mo padà sí Minna lọ́dún tó kọjá fún ìpàdé àwa tí a ti jáde nínú fẹ́lọ́ṣíìpù, arábìnrin kan tó wà ní ọdún kejì dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti ń rò ó pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ orin ni. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tó fẹ́ràn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àwo tuntun jáde, ó sì ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ mẹ́ta: nínú bọ́ọ̀sì láti Bosso dé Gidan Kwano, nídìí ìkòkò, lórí ibùsùn. Olórí ẹ̀ka àdúrà rẹ̀ ti ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ó bi mí pé, "Sà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Mi ò dá a lóhùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ní kó máa gbàdúrà sí i. Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu nìyẹn nígbà tí ènìyàn kò bá fẹ́ sọ tinú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè ìdáhùn, gbèsè náà ni mo fẹ́ san níhìn-ín.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún un ni pé èmi náà wà níbẹ̀ rí, mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀ tán. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, orin tí wọ́n ń pè ní indie tàbí alternative ni ẹ̀mí mi fà sí, orin àwọn onígìtá tí a kì í sábà gbọ́ lórí rédíò ní Minna. Dátà òru ni agbára akẹ́kọ̀ọ́ ká nígbà náà. Bí àwo kan bá jáde, èmi ni mo máa jí láago méjìlá òru láti gbà á sórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́. Mi ò san kọ́bọ̀ lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀nà tí mo sì gbà rí wọn kì í ṣe ọ̀nà tí mo lè fi yangàn níwájú Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2007 ni Radiohead gbé In Rainbows sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní kí olúkúlùkù san iye tó bá wù ú. Mo mọ orúkọ ẹni tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mi ò mọ orúkọ mai ruwa tó ń ti ọmọlanke omi wá sẹ́nu ọ̀nà wa ní Kpakungu láràárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa ayọ̀ náà pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe ayọ̀ kékeré. Nígbà àkọ́kọ́ tí o bá gbọ́ àwo tuntun láti orin kìíní dé ìkẹyìn, o kò mọ ibi tó ń lọ. Gìtá á bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà kẹta, o ti ń retí ibi tí ìlù yóò ti wọlé. Nígbà kẹwàá, orin náà ti di tìrẹ, bí ọ̀nà ilé. Ọlọ́run ló dá etí tó lè gbádùn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mi ò sì gbà pé Èṣù ló bá a dá a.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní inú gìtá fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà, kó rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìjọ àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí ìlù ìbílẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run, nítorí ìlù òrìṣà ni wọ́n kà á sí. Ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí, tí ohùn náà sì ń dorí ìtumọ̀ kodò lẹ́nu àwọn akọrin. Lára àwọn tó wá kọ orin tuntun tó bá ohùn èdè wa mu ni Ẹni-ọ̀wọ̀ Josiah Jesse Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fela. Ní ọdún 1922, ó kọ àwọn orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Àwo tuntun ni ìyẹn náà nígbà tirẹ̀. Àwọn ìjọ Aládùúrà wá fi ìlù àti àtẹ́wọ́ kún un. Lónìí, bí gángan kò bá dún níbi ìdúpẹ́, a ó ní ìjọ náà ti sùn.

Orin rọ́ọ̀kì pàápàá kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa. Ní ọdún 1973, àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory's College ní Èkó tí wọ́n pe ara wọn ní Ofege gbé àwo Try and Love jáde. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ BLO gbé Chapter One jáde. Ó ṣeé ṣe kí díákónì kan nínú ìjọ yín ti jó sí i kó tó di díákónì.

Àwọn mìíràn ti bá ìbéèrè arábìnrin wa jà ṣáájú wa. Mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin tó wà nínú ẹgbẹ́ U2, láti ìlú Dublin ní Ireland, wà nínú fẹ́lọ́ṣíìpù kan tí wọ́n ń pè ní Shalom ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Wọ́n gbé e yẹ̀ wò pé bóyá ni ènìyàn lè jẹ́ ti Kristi kó sì máa kọrin rọ́ọ̀kì. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹgbẹ́ náà ká. Nígbẹ̀yìn, wọ́n kúrò nínú fẹ́lọ́ṣíìpù náà, wọ́n ń bá orin lọ, ìgbàgbọ́ kò sì kúrò nínú orin wọn.

Ṣé kò wá séwu rárá nìyẹn? Ibí gan-an ni àwa tí a fẹ́ràn orin máa ń sáré jù. A ó ní Sáàmù 96 ló ní kí a kọ orin tuntun sí Olúwa. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bíbélì kan náà ló sọ nínú ìwé Oníwàásù 1:8 pé ojú kì í yó fún rírí, etí kì í sì í kún fún gbígbọ́. Ebi ohun tuntun wà tí oúnjẹ kan kì í pa. Bí àwo tòní bá ti di ti àná, a ti ń bèèrè ti ọ̀la. Mo mọ ebi yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fi mí ṣe.

Ní oṣù kẹta ọdún 2015, Sufjan Stevens, olórin Amẹ́ríkà kan tí kì í fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Kristi pamọ́, gbé àwo kan jáde tó pè ní Carrie & Lowell. Carrie ni ìyá rẹ̀. Lowell ni ọkọ tí ìyá náà fẹ́ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Carrie ní àìsàn ọpọlọ, ó sì fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ọmọ yìí wà ní ọmọ ọdún kan. Àrùn jẹjẹrẹ inú ikùn ló pa á ní ọdún 2012. Orin mọ́kànlá ló wà nínú àwo náà, kò sì sí ariwo níbẹ̀. Ohùn pẹ́lẹ́ ni, àti gìtá, ọmọ kan tó ń ṣọ̀fọ̀ ìyá tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Àwo náà tẹ̀ mí lọ́wọ́ lóru ọjọ́ kan nínú ooru oṣù kẹrin. Iná kò sí. Èmi àti ará yàrá mi tẹ́ ẹní síta níwájú yàrá wa, bí gbogbo ilé ti ń ṣe lásìkò yẹn ní Minna. Ọmọ Núpé láti agbègbè Bida ni, inú fẹ́lọ́ṣíìpù kan náà ni a sì wà. Fóònù rẹ̀ dún. Ó sọ èdè wọn díẹ̀, ó dákẹ́, ó sì mú fóònù náà lọ́wọ́ bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo yọ íápíìsì etí kan. Ó ní wọ́n ti gbé ìyá òun lọ sí ọsibítù, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́, arákùnrin mi, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn." Mo sì dá íápíìsì padà sétí, nítorí pé orin kẹrin ti dé ibi tó dùn.

Ẹ má jẹ́ kó sá mọ́ yín lójú. Ọkùnrin kan nínú fóònù mi ń sunkún ìyá rẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún ìyá rẹ̀. Èyí tó wà nínú fóònù ni mo yàn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ wọ mọ́tò Bida lójú títì Kpakungu. Ìyá náà ti kú kó tó débẹ̀. Nígbà tó padà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò bá mi jà. Ọjọ́ kan tí a jọ ń fọṣọ ló kàn sọ fún mi pé, "Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ kí a jọ gbàdúrà. Mo wá rí i pé ọwọ́ rẹ dí."

Ọwọ́ mi dí.

Mo pa gbogbo orin mi rẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí ìtàn yìí bá parí síbẹ̀, inú olórí ẹ̀ka àdúrà arábìnrin wa ìbá dùn. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ìwàásù ni mo fi dí àyè orin. Mo ń gba ìwàásù tuntun sórí fóònù lóru gẹ́gẹ́ bí mo ti ń gba àwo tuntun. Mo to àwọn oníwàásù lẹ́sẹẹsẹ, mo sì mọ ẹni tó wàásù kí ló wàásù lọ́dún wo. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ ọdún kìíní kan wá bá mi nílé. Owó iléèwé rẹ̀ kò pé, ojú ń tì í. Íápíìsì wà létí mi. Ìwàásù lórí ìfẹ́ ni mo ń gbọ́. Mo na ìka kan sókè pé kó dúró ná, ó ku díẹ̀ kó parí. Ìka náà ṣì wà lókè nígbà tí mo rí i. Ìka yẹn ló là mí lójú. Mo ti yí ohun tí mò ń gbọ́ padà, etí kò yí padà.

Wòlíì Ámósì ló tún ọ̀rọ̀ yìí tò fún mi. Nínú orí kẹfà ìwé rẹ̀, ẹsẹ karùn-ún àti ìkẹfà, ó bá àwọn tó ń kọrin sí ohùn dùùrù wí, àwọn tó ń ṣe ohun èlò orin fún ara wọn bíi Dáfídì. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́, mo rò pé orin ló ń bá wí. Ẹ kà á dé òpin. Ohun tó kà sí wọn lọ́rùn ni pé inú wọn kò bàjẹ́ nítorí ìpọ́njú Jósẹ́fù. Dáfídì lo dùùrù, àwọn náà lo dùùrù. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé Jósẹ́fù wà nínú ìpọ́njú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, orin wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ẹ wá fi èyí wé orin tuntun ti Sáàmù 40. Inú kòtò ni onísáàmù ti ń bọ̀. Olúwa ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe rẹ̀, tó dẹtí sí i, tó fà á jáde. Lẹ́yìn náà ni orin tuntun wọ ẹnu rẹ̀. Ohun tó sọ orin náà di tuntun ni pé ẹnìkan gbọ́ igbe. Bí àwo tuntun bá mú kí n gbọ́ igbe ẹlòmíràn dáadáa sí i, ó ti ṣe iṣẹ́ rere lára mi, ìbáà jẹ́ gìtá ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí kò bá jẹ́ kí n gbọ́ ọ, ìbáà jẹ́ ìwàásù ni, mo ti sọ ọ́ di ògiri.

Arábìnrin mi, ìdáhùn mi nìyí, ó pẹ́ kó tó dé. Wo ọ̀rọ̀ inú orin náà, nítorí àwọn kan wà tí èmi náà fi sílẹ̀ torí pé wọ́n ń kọ́ mi láti fojú tẹ́ ènìyàn. Bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá mọ́, má pa á rẹ́ torí ìbẹ̀rù. Gbọ́ ọ tayọ̀tayọ̀, kí o sì jẹ́ kó parí. Àmọ́ bi ara rẹ léèrè ohun tí mo pẹ́ kí n tó bi ara mi: mo gbọ́ orin kan nígbà mẹ́wàá kí n lè mọ ibi tí ìlù ti ń wọlé, ta ni mo ti fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ gbọ́ rí? Ìwọ àti ará yàrá rẹ, ta ló gbọ́ ẹnìkejì gbẹ̀yìn?

Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka náà, kí ẹ tó ní kí ọmọ yín pa orin rẹ̀ rẹ́, ẹ bi í ohun tó ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ jókòó tì í. Ó lè jẹ́ pé ìyá ẹnìkan ló wà nínú àwo náà.

Èmi àti ará yàrá mi ṣì ń bára wa sọ̀rọ̀. Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá dé, mo máa ń pè é, á sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi, mi ò sì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Bí a bá parí ni mo máa ń fi Carrie & Lowell sí i, tí mo sì ń gbọ́ ọ láti orin kìíní dé ìkọkànlá. Mo gbà á padà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sanwó rẹ̀.

Kí Olúwa tó gbọ́ igbe wa nínú kòtò fún wa ní etí tó ń gbọ́ igbe. Àmín.