Ààlà Iṣẹ́ Alárinà

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, kí a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Òtítọ́ ni. Ìránṣẹ́ tí ó ní làákàyè a máa tún ọ̀rọ̀ líle ṣe kí ó tó fi jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbo ni àtúnṣe náà yóò dé tí yóò fi di èké? Ìbéèrè ńlá ni èyí nígbà tí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìgbéyàwó.

Láyé àtijọ́, ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti níbi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ́mọkùnrin kì í dédé lọ bá baba ọmọbìnrin. Alárinà ni í gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ni í gbé èsì bọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wí pé baba kan dáhùn pé, "Mo gbà, bí ọmọ mi yóò bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ sílé ọkọ." Alárinà mọ̀ pé ẹbí ọkọ ń kánjú. Ó padà dé, ó ní, "Wọ́n ti gbà," ó sì gbé ìyókù mì. A ṣe ìdána. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹbí ọkọ wá béèrè ìyàwó wọn, baba sì yarí. Ta ni ó jẹ̀bi?

Àwọn Júù ti ro irú ọ̀ràn yìí jinlẹ̀. Nínú Mishnah, àkójọ òfin wọn tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kírísítì, ọkùnrin lè so ìdè ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ tàbí nípasẹ̀ aṣojú. Obìnrin pẹ̀lú lè yan aṣojú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá pàṣẹ pé ibi báyìí ni kí aṣojú ti so ó, tí aṣojú sì lọ so ó níbòmíràn, ìdè náà kò so. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rán an parí sí ni agbára aṣojú parí sí.

Wọ́n tún wo ọ̀rọ̀ "bí" dáadáa. Ẹ rántí àdéhùn Mósè pẹ̀lú àwọn ọmọ Gádì àti Rúbẹ́nì: ó sọ ohun tí yóò jẹ́ tiwọn bí wọ́n bá gòkè Jọ́dánì lọ sógun, ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá lọ. Láti inú èyí ni Rábì Meir ti kọ́ni pé àdéhùn tí a kò sọ ní ìhà méjèèjì kì í ṣe àdéhùn. Talmud sì kọ́ni pé ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ọkàn nìkan kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, alárinà wa jẹ̀bi. Ohùn iṣẹ́ ni òwe wa ní kí a tún ṣe, kò ní kí a pa iṣẹ́ náà jẹ. Ìránṣẹ́ Ábúráhámù kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó tó lọ wá ìyàwó fún Ísáákì ni ó ti béèrè ohun tí òun yóò ṣe bí obìnrin náà kò bá fẹ́ tẹ̀lé òun. Baba náà ní ẹ̀bi díẹ̀, nítorí kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ parí ẹ̀kọ́, kò sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ ìdána.

Ẹ̀bi kan kù tí gbogbo wọn jọ pín. Lẹ́yìn tí ẹbí Rèbékà ti gbà, wọ́n ṣì pè é, wọ́n bi í bóyá yóò lọ, ẹnu ara rẹ̀ ni ó sì fi dáhùn. Ta ni ó bi ọmọbìnrin tiwa yìí?

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ojú bá mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀ba. Yóò padà sí ilé rẹ̀, tọkọtaya ni yóò sì máa gbé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó gbé mì. Bí a bá rán yín, ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà pé. Bí ẹ̀yin ni ẹ ránni, ẹ sọ "bí" yín síta. Bí ìgbésí ayé tiyín ni a sì ń dúnàádúrà lé lórí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín dáhùn.