TA LẸ Ń JẸUN FÚN?

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Ibi kíkà:* Dáníẹ́lì 1:8-15, Mátíù 11:18-19

Kí ẹ tó bu oúnjẹ àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ni mo bá wá, ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mo sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa ní Ẹnu Ọ̀wá, alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ. Mi ò ní dárúkọ wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n, wọ́n sanra dáadáa. Tí wọ́n bá wọ agbádá, tí wọ́n ń bọ̀ láti apá Ìdúmọ̀tà, ọ̀nà á kún. Àwọn èèyàn á máa kí wọn pé, "Bàbá, ara yín ń dán o! Ìyá ń tọ́jú yín!" Bàbá á rẹ́rìn-ín, ìyàwó wọn náà á rẹ́rìn-ín, torí ìyìn tọkọtaya ni.

Ó di ọjọ́ kan, dókítà sọ fún wọn pé àtọ̀gbẹ ti wà lára wọn. Wọ́n ní kí wọ́n dín ẹ̀bà alẹ́ kù, kí wọ́n fi mínírà sílẹ̀, kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n sì máa lo oògùn wọn déédéé. Bàbá gbọ́ràn. Nínú wa, èèyàn mélòó ló ń gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu báyẹn? Láàárín oṣù mélòó kan, ikùn wọlé, egungun ọrùn yọ, agbádá bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù. Dókítà ní súgà ti ń wálẹ̀. Nǹkan ń dára.

Àmọ́ àdúgbò ò rí súgà tó ń wálẹ̀. Ọrùn tó yọ ni wọ́n rí.

"Bàbá, ṣé kò sí o?" "Ìyá, ṣé ẹ̀ ń fún wọn lóúnjẹ ṣá?" Àwọn kan sọ ọ́ sí wọn létí, àwọn kan sọ ọ́ lẹ́yìn wọn, àwọn kan tiẹ̀ ti dárúkọ àìsàn tí kò sí lára wọn rárá. Èmi ajíhìnrere ńkọ́? Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, níṣojú èèyàn, mo di bàbá náà lọ́wọ́ mú, mo ní, "Bàbá, ẹ ti gbẹ jù! Ẹ jẹun o! Ẹ̀mí àìlera, a lé ọ jáde!" Àwọn tó dúró tì wá ṣe àmín. Mo rò pé àdúrà ni mo gbà.

Ojú ti ìyàwó wọn. Ìyá padà sí bí wọ́n ṣe ń bu ẹ̀bà tẹ́lẹ̀, káyé má baà ní àwọn ń febi pa ọkọ àwọn. Bàbá náà ń jẹ ẹ́, káyé má baà ní àìsàn ń jẹ wọ́n. Wọ́n sanra padà, àdúgbò sì yìn wọ́n. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, egbò kékeré kan lẹ́sẹ̀ wọn kọ̀, kò jinná, títí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ṣì wà láàyè, a dúpẹ́. Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n ní èmi nìkan kọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá rí ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn, ìbéèrè kan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn: ta ni bàbá yìí jẹ ẹ̀bà wọ̀nyẹn fún?

Kì í ṣe ebi ló ń pa wọ́n. Ọ̀fun wọn kọ́ ló ṣàṣejù. Ẹnu ayé ni wọ́n jẹ ẹ́ fún, ẹnu tèmi sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, mi ò bú àwọn bàbá àti ìyá wa tí wọ́n fi sísanra ṣe àmì àlàáfíà. Wọ́n ní ìdí. Ẹni tó ti rí ìgbà àìní, tó ti rí i bí ibà ṣe ń jẹ ọmọ títí ó fi ku egungun, tí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá ní ẹran lára, ọpẹ́ ni yóò dá. "O ti sanra o" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́nu wọn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àìsàn ìgbà yìí kì í fìgbà gbogbo fi ara gbígbẹ hàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ lè máa bá èèyàn jó lóde òwàḿbẹ̀, kí ara rẹ̀ máa dán.

Ayé tún ti yí padà báyìí. Ẹ rìn wọ ọjà Balógun, ẹ ó rí kọ́sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń fún ikùn mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ ó rí tíì tí wọ́n ní ó ń fa ikùn wọlé, àti àwòrán àwọn tí wọ́n ní bí wọ́n ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí, bí wọ́n ṣe rí báyìí nìyí. "Òróbó" tí a fi ń ṣàwàdà ti di ọ̀rọ̀ tó ń dá ọgbẹ́ sí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin lọ́kàn. "Lẹ́pa" ni àwọn ọ̀dọ́ ń wá.

Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin gbààwẹ̀ títí ó fi dákú lẹ́nu ìdánrawò orin. A fún un lómi, a gbé e jókòó. Mo ní, "Àǹtí, kí ni kókó àdúrà ààwẹ̀ yìí, ká lè jọ gbà á?" Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ má bínú, Ajíhìnrere. Aṣọ ìgbéyàwó mi ni." Ẹnì kan ló pè é ní òróbó nínú gúrúùpù aṣọ ẹbí, gbogbo wọn sì fi ẹ̀rín sí i.

Bàbá jẹun títí ó fi ṣe wọ́n léṣe, arábìnrin febi pa ara rẹ̀ títí ó fi dákú. Ọ̀nà méjì ni, àmọ́ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń sìn: ojú èèyàn. Tí ojú èèyàn bá fẹ́ ọ̀rá lónìí, a ó gbé e wọ̀. Tó bá fẹ́ egungun lọ́la, a ó yọ ọ́ síta. Ọjọ́ wo la fẹ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn?

Ibi tí Mátíù 11 ti bá wa wí nìyí. Jòhánù Onítẹ̀bọmi wá, kì í jẹ kì í mu bí àwọn yòókù, wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ń dà á láàmú. Olúwa wa wá, ó ń bá èèyàn jẹ, ó ń bá èèyàn mu, wọ́n ní alájẹkì ni. Àwọn kan náà ló sọ méjèèjì! Tí ẹnu ayé ò bá fi Jésù lọ́rùn sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ta ni yóò fi sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo Dáníẹ́lì náà. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń gba ààwẹ̀ Dáníẹ́lì ní oṣù kìíní ọdún, tí a ó máa jẹ èso àti ewébẹ̀, tí a ó sì máa gun ìwọ̀n ní kọ̀rọ̀ láti mọ iye kílò tó ti lọ. Mo ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ka ẹsẹ 15. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí àwọn ọmọ náà fi jẹ ẹ̀wà tí wọ́n sì mu omi, wọ́n tún sanra ju àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ọba lọ ni! Dáníẹ́lì ò wá bí yóò ṣe pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ wà ní ẹsẹ 8: kò fẹ́ kí tábìlì ọba sọ òun di aláìmọ́. Ẹni tó ni ẹ̀mí rẹ̀ ni kò fẹ́ kí tábìlì náà fi ẹlòmíràn rọ́pò. Ẹ wò ó, kò tún jà, kò bú àwọn tó ń jẹ ẹran ọba. Ó bẹ̀bẹ̀ ni, ó ní kí wọ́n dán àwọn wò.

Ẹnì kan lè ní, "Ajíhìnrere, ṣé ìyẹn ni pé ohun tá a bá jẹ ò já mọ́ nǹkan kan?" Rárá o. Ó já mọ́ nǹkan púpọ̀. Tẹ́ńpìlì ni ara wa, a kì í sì í da ìdọ̀tí sí tẹ́ńpìlì. Lọ́dún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbà wá nímọ̀ràn pé kí súgà tí à ń fi sínú oúnjẹ àti ohun mímu má ju ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Fún àgbàlagbà, ìyẹn tó nǹkan bíi gíráàmù 50, bíi ṣíbí tíì 12. Ìgò mínírà 50cl kan ṣoṣo tó ní súgà kíkún lè kó iye yẹn tán, ká tó dórí bọ́nsì àti tíì àárọ̀. Òfin Ìnáwó ti ọdún 2021 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe bu owó orí ₦10 lé líta kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba lè bu owó orí lé ìgò, kò lè bá wa kó ọ̀fun wa níjàánu. Àwọn àgbà ti sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ṣé adùn oúnjẹ wá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí Ọlọ́run dá dára, ọpẹ́ la fi ń gbà á. Ẹ wo àwọn Àgùdà wa níbí, àwọn ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó ní nǹkan bíi 150 ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá di Ọjọ́ Ẹtì Rere, wọ́n á se frejon: ẹ̀wà tó jinná dáadáa, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n fi oje àgbọn sè, tí wọ́n sì fi ọbẹ̀ ẹja tì í. Wọn ò ní jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Wọ́n á bu frejon sínú abọ́, wọ́n á gbé e fún aládùúgbò, yálà ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Oúnjẹ ọjọ́ ìrònú ni, ó tún dùn, ó sì dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ àjẹkì wà o, Òwe 23 kìlọ̀ fún wa. Àmọ́ a ò lè fi ojú wo ikùn ká mọ ẹni tó dá a. Ẹni tó tín-ín-rín lè jẹ́ alájẹkì. Ẹni tó sanra lè má jẹun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, kó jẹ́ pé bí ìdílé wọn ṣe rí nìyẹn, tàbí oògùn tó ń lò, tàbí ọmọ tó bí. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí lórí tábìlì Olúwa, kò wọn ikùn ẹnikẹ́ni. Ohun tó bí i nínú ni pé àwọn kan ń jẹ àjẹyó níbi tí ebi ti ń pa àwọn mìíràn, wọn ò dúró de ara wọn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń ka ọ̀rọ̀ yìí láàárọ̀ yìí tí kò sí ìpápánu nílé rẹ̀. Tí a bá ń jiyàn bóyá ìrẹsì ló dára jù tàbí ẹ̀wà, tí a ò sì mọ̀ pé ará ilé kejì ò jẹ nǹkan kan, a ti ṣìnà.

Àbí kí la fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ àlejò? Nílẹ̀ wa, kíkọ oúnjẹ dà bí kíkọ ẹni tó gbé e wá. Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń dun ìyá. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ a máa béèrè kó tó bu oúnjẹ. "Bàbá, kí ni dókítà ní kí ẹ máa jẹ?" Ìbéèrè yẹn gan-an ti jẹ́ ìtọ́jú. Ká ní mo bi bàbá mi ní ìbéèrè yẹn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì dípò kí n máa pariwo, ká ní mo sọ níṣojú èèyàn pé, "Bàbá, a kí yín, ẹ̀ ń gbìyànjú," bóyá àdúgbò ì bá gbé orin mìíràn.

*Ìgbésẹ̀ òní:* Ẹ má ṣe sọ nǹkan kan nípa ara ẹnikẹ́ni lónìí. Má ṣe ní "o ti sanra," má ṣe ní "o ti gbẹ." Ẹ kàn bi wọ́n pé, "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?" kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Tí ẹ kò bá tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti súgà yín wò lọ́dún yìí, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí dókítà bá ti fún ní ìlànà, kó tẹ̀ lé e, bí agbádá rẹ̀ tiẹ̀ tóbi jù. Télọ̀ wà, yóò bá wa dín in.

*Àdúrà:* Bàbá, ìwọ lo dá ara yìí, ojú rẹ nìkan ló tó wa. Gba ọ̀fun wa lọ́wọ́ àṣejù, gba ọkàn wa lọ́wọ́ ẹnu ayé. Dárí jì wá níbi tí ẹnu tiwa ti ṣe ẹlòmíràn léṣe. Fún ẹni tí kò ní ní oúnjẹ, kí o sì fún ẹni tó ní ní ojú tó ń rí aládùúgbò. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Oúnjẹ yóò gba ibi ire lára wa.

Ajíhìnrere yín.