Ìfági Bàbá Àgbà: Èló Ni?

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ń kọ nípa ìfẹ́ àti nípa ìjọba, ohun èlò kápẹ́ńtà ni èmi fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti lọ sílé fún ìsinmi, àfi kí n sọ ọ́ síta.

Ní Igbókòdá, nítòsí èbúté tí àwọn ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Ayétòrò àti àwọn ìlú etí òkun tó kù, bàbá àgbà mi ṣì ń kan ọkọ̀ onípákó. Wọ́n ní ìfági kan, èyí tí àwọn kápẹ́ńtà ìsinsìnyí ń pè ní jáàkì pléènì. Igi ni ara rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló gbẹ́ ẹ. Irin abẹ inú rẹ̀ nìkan ló ti òkè òkun wá, orúkọ Sheffield ṣì hàn díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ọkọ̀ lè rò pé torí ẹwà lásán ni wọ́n ṣe ń fá pákó. Rárá o. Tí etí pákó méjì kò bá bára mu dáadáa, òwú àti ọ̀dà tí wọ́n bá ki sáàárín wọn kò ní pẹ́ jáde, omi á sì wọlé. Ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni ọkùnrin kan dé láti Èkó, ó ní òun ń ra ohun àtijọ́. Ó yẹ ìfági náà wò tinú tẹ̀yìn, ó bèèrè pé ó tó ọdún mélòó, ó sì dá owó lé e. Owó ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó yàrá mi nílé-ìwé. Mo wojú bàbá. Ìbéèrè ẹyọ kan ni wọ́n bi í: "Kí lo fẹ́ fi fá?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò ní fi fá nǹkan kan, orí sẹ́ẹ̀fù ló máa wà. Bàbá ní àwọn ò tà.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo padà síléèwé, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa àwọn tó ń kó ìfági jọ, bóyá màá lè mọ ẹni tó ń sọ iye nǹkan: ṣé ọwọ́ tó ń lò ó ni, àbí ojú tó ń wò ó? Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Stanley ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Number 1, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 5 ààbọ̀ lọ. Ó kéré débi pé ìwọ̀nba èèyàn ló rà á fún iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ṣọ̀wọ́n, tí owó rẹ̀ sì fi lè ju dọ́là 1,000 lọ lónìí. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n tún máa ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kéèyàn má fi sáńdípépà bó ìfági àtijọ́ o, torí àwọ̀ tí ọwọ́ àti òógùn ti fi kùn ún ni owó wà.

Mo ti fẹ́ máa bú wọn kí n tó kan orúkọ Cesar Chelor. Ẹrú adúláwọ̀ ni ní Wrentham, ní Massachusetts. Ọ̀gá rẹ̀, Francis Nicholson, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe ìfági tà nílẹ̀ náà. Nígbà tí Nicholson kú ní 1753, ìwé ìhágún rẹ̀ dá Chelor sílẹ̀, ó sì fún un ní bẹ́ǹṣì iṣẹ́, ohun èlò àti ilẹ̀ éékà 10. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹni tó ni ìfági náà ló ni ẹni tó ń ṣe é. Lójú òfin, méjèèjì ṣeé tà. Lẹ́yìn náà ni Chelor wá ń lu orúkọ ara rẹ̀ mọ́ igi, pé òun ń gbé ní Wrentham. Ó kú ní 1784. Orúkọ yẹn gan-an ló ń sọ igi náà di olówó iyebíye báyìí. Ẹni tí wọ́n lè tà lọ́jọ́ kìíní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń du ara wọn lé lórí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ ni, àbí kí n sunkún. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí àwọn tó ń kó nǹkan pamọ́, inú iná ni ìfági Chelor ìbá bá lọ.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ tiwa náà. Kápẹ́ńtà ọkọ̀ á kú, àwọn ọmọ á kó irin rẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, igi rẹ̀ á di ìdáná. Ní Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àti ọkọ̀ kíkàn, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Òkun kì í bèèrè èló ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká má kó ohun èlò pamọ́, èmi ò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ohun tó dùn mí nípa ará Èkó yẹn ni pé ó bèèrè ọjọ́ orí igi, ó bèèrè ibi tí irin ti wá, kò bèèrè orúkọ bàbá. Ká ní wọ́n tà á fún un ni, orí sẹ́ẹ̀fù ẹnì kan ni ìbá wà bí ọmọ tí kò ní ìyá.

Nígbà tí mo tún délé, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fín orúkọ yín sí i lára." Wọ́n ní kí n lọ wò ó ná. Ọmọ iṣẹ́ wọn ti jẹ́ kó já bọ́, ibi tí wọ́n ti ń dì í mú ti là. Mo pariwo, mo ní iye rẹ̀ ti já! Bàbá ti fi okùn àwọ̀n wé e gírígírí, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Wọ́n ní ó tilẹ̀ wá dúró sí àwọn lọ́wọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀bẹ tí mo fẹ́ fi fín orúkọ ṣì wà nínú àpò mi. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn parí ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ná.