Orin Tó Wà Nínú Mọ́tò Mi

Ìṣàrò òwúrọ̀. Ibi kíkà: 2 Sámúẹ́lì 24:18–25

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka Bíbélì yẹn tán kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ mi, torí pé ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá mi wọ mọ́tò láti Ògòtún lọ sí Adó mọ̀ pé orin kì í dákẹ́ níbẹ̀. Bá a bá ti ń dé Ìgbàrà-Odò báyìí, ẹnì kan á béèrè pé, "Dádì, flash dà? A ò rí flash, a ò rí fóònù, níbo lorin yìí ti ń wá?" Inú mi a dùn. Màá ní mọ́tò náà fúnra rẹ̀ ló ń kọrin.

Mọ́tò tòkunbọ̀ ni, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ó ní hard disk tirẹ̀ nínú, irú èyí tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà. Kí Bluetooth tó gbòde, ní nǹkan bíi 2008, àwọn tó ń ṣe Infiniti, Cadillac àti àwọn mìíràn ti ń fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀, kí onímọ́tò má baà máa kó síídì kiri. Tí ẹ bá ti síídì bọ ẹnu rẹ̀, bó ṣe ń kọrin sí yín létí ló ń da orin náà kọ sínú ara rẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ lè yọ síídì yẹn kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín, orin ti jókòó sínú mọ́tò. Kì í sì jáde mọ́. Wọ́n ṣe é kí orin lè wọlé ni, wọn ò ṣe é kó lè bọ́ sínú flash tàbí sínú mọ́tò ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ẹ bá ta mọ́tò, ẹ ta orin mọ́ ọn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá orin ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, orin Kérésìmesì àti orin kọ́áyà àwọn aláwọ̀ dúdú ọ̀hún. Mi ò mọ ọkùnrin náà (àbí obìnrin ni?), ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń gbọ́ nígbà tó bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó tèmi sí i. Mo yá síídì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọrin, mo yá lọ́wọ́ àwọn ìyá ìjọ, kódà mo yá lọ́wọ́ ẹni tí mo kàn kí. Tó bá di ọjọ́ kejì màá dá a padà, màá sì dúpẹ́. Ó tó síídì 40. Kò sí ẹni tó wá síídì rẹ̀ tí kò rí i. Èwo wá ni mo jí níbẹ̀?

Ní ọjọ́ ìsọjí kan, arábìnrin kan wá kọrin fún wa. Lẹ́yìn ìsìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ọ̀rá tí síídì wà nínú rẹ̀, ó ń tà á. Nígbà tó kàn mí, mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé, "Arábìnrin, mo ti ní i nínú mọ́tò." Inú rẹ̀ dùn gan-an, ó ní kí n jẹ́ kóun rí i. Mo ṣílẹ̀kùn, mo tan rédíò, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lójú gíláàsì ibẹ̀, ohun tí mọ́tò kọ ni "Unknown Artist", akọrin tí a kò mọ̀. Ó kà á, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Èmi nìyẹn, sà."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ ń pè mí, mo bá wọn lọ. Mi ò ra síídì.

Ohun tó fà á kò ṣòroó mọ̀. Àkójọ orúkọ síídì kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò máa ń lò, tí ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Gracenote ń ṣe, inú rẹ̀ ni mọ́tò ti ń wo orúkọ olórin. Gbogbo orin ẹni tó ni mọ́tò tẹ́lẹ̀ ló ní orúkọ, kò ku ẹyọ kan. Àwọn tiwa tí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Adó tàbí Àkúrẹ́, ta ló fẹ́ kọ wọ́n síbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìyẹn. Èmi tí mo mọ orúkọ rẹ̀, kí ni mo ṣe sí i?

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Bí mo bá gbé ẹní lọ́wọ́ ìyá tó hun ún ní Ògòtún níbí láìsanwó, ẹní kò sí nílé rẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé á mọ̀ pé olè ni mí. Tí mo bá da orin kọ, orin ṣì wà níbi tó wà, ohunkóhun kò dín. Mo fẹ́ fara mọ́ èyí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí ìyá kan bá hun ọnà tuntun sára ẹní, aládùúgbò rẹ̀ lè wò ó kó lọ hun tirẹ̀, a kì í pe ìyẹn lólè. Kí ló dé? Torí pé òun náà máa jókòó ni. Ọwọ́ tirẹ̀ á dùn ún, ẹ̀yìn tirẹ̀ á ro ó, ọjọ́ ayé tirẹ̀ ló fi san án. Bákan náà ni ọmọ kọ́áyà tó gbọ́ orin, tó kọ́ ọ, tó wá fi ọ̀fun ara rẹ̀ kọ ọ́ nínú ìsìn. Mọ́tò mi kò jókòó. Èmi náà kò jókòó. Ìdajì wákàtí, iṣẹ́ ọdún kan ẹlòmíràn ti wọlé sí mi lọ́wọ́, ibi tí mo ti ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ mi.

Wọ́n ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́ rí ní Amẹ́ríkà. Ní 2014, ẹgbẹ́ kan tó ń gba owó fún àwọn olórin pe Ford àti General Motors lẹ́jọ́ lórí hard disk inú mọ́tò yìí gan-an. Òfin kan wà níbẹ̀ láti 1992 pé ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ tó ń da orin kọ gbọ́dọ̀ san owó díẹ̀ sí àpò àwọn tó ni orin. Nígbà tó di 2020, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá àwọn onímọ́tò láre. Wọ́n ní kì í ṣe orin nìkan ló wà nínú hard disk náà, máàpù àti àwọn ètò kọ̀ǹpútà mìíràn wà níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe irú ẹ̀ tí òfin yẹn ń sọ. Mi ò bá adájọ́ jà, ohun tó wà nínú ìwé ni wọ́n kà. Lọ́dọ̀ tiwa náà, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ àwọn oníṣẹ́ ọpọlọ ní oṣù kẹta 2023. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ló fẹ́ wá yẹ rédíò mọ́tò mi wò ní Ògòtún?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ka ìtàn Dáfídì. Ẹ ṣàkíyèsí pé Áráúnà kò sọ pé ohun kan ni wọ́n fẹ́ jí lọ́wọ́ òun. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ọba máa mú ilẹ̀ ìpakà lọ, kó mú màlúù, kó mú igi, lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí olè níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ Dáfídì kọ̀. Ó ka ṣékélì fàdákà 50 sílẹ̀, torí pé kò fẹ́ rú ẹbọ tí kò ná òun ní nǹkan kan sí Ọlọ́run. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí i pé ìbéèrè tí mo ti ń bi ara mi, pé kí ni mo jí, kọ́ ni ìbéèrè tó kàn. Epo tó ń gbé mi lọ sí Adó, mo ra á. Táyà, mo ra á. Gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù, mo ra á. Nínú mọ́tò yẹn látòkèdélẹ̀, ìyìn Ọlọ́run nìkan ni mi ò sanwó rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ọ̀fẹ́ ni akọrin gba orin lọ́wọ́ Ẹ̀mí Mímọ́, ọ̀fẹ́ ló yẹ kó fún wa. Ọ̀rọ̀ Jésù ni lóòótọ́, ó wà nínú Mátíù orí 10. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ka ẹsẹ méjì sí i, ẹ ó bá oúnjẹ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀mí Mímọ́ fún un ní orin, onílé ìgbohùnsílẹ̀ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, onílù náà gbà. Ìyá àgbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó orin sí fóònù fún, tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, mi ò ní dá a lẹ́jọ́ jàre. Èmi ní.

Mo gba nọ́ńbà arábìnrin yẹn lọ́wọ́ olórí akọrin wa, mo pè é. Ó ní òun kì í ṣe síídì mọ́, iṣẹ́ aránṣọ lòun padà sí. Mo ní kó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà, ó ti pẹ́." Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Ní àbámẹ́ta, mo jókòó sínú mọ́tò, mo fi ìka tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sí ẹ, kò sí ọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè kà á.

Ó ku 39. Mo ti pe mẹ́fà nínú wọn. Ọ̀kan ti sùn nínú Olúwa, ọmọ rẹ̀ ló gbé fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ yá mi ní síídì nígbà yẹn, ẹ mọ ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀ kí ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà tó bá wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ má fi sórí group o, èmi nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí.