Gẹ̀ẹ́sì Lásán Ha Ni Bí?

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, àti ní pàtàkì ẹ̀yin olùkọ́ àwọn ọmọ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní oṣù yìí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní dárúkọ, a gbọ́ bí olùkọ́ kan ti pe ọmọdékùnrin tí ó pẹ́ dé ní bastard lójú gbogbo kíláàsì. Nígbà tí a bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ má bínú, sà, Gẹ̀ẹ́sì lásán ni.” A bi í pé, “Tíṣà, ǹjẹ́ ẹ lè sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, lójú ìyá rẹ̀?” Kò dá wa lóhùn. Nítorí náà ni a ṣe ń béèrè pé: kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ta ni ó sì ń bà?

Kí ó tó di èébú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí òfin fi ń pe ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kò ṣe ìgbéyàwó ni. Òfin àtijọ́ wọn ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, kò sì lè jogún bàbá rẹ̀. Àwọn àlùfáà pàápàá a máa kọ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ọmọ nínú ìwé ìrìbọmi. Ní 1235, àwọn bíṣọ́ọ̀bù bẹ̀bẹ̀ pé, bí àwọn òbí bá ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn tí a ti bí ọmọ, kí a ka ọmọ náà sí ọmọ ìgbéyàwó. Àwọn ìjòyè kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní yí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà. Ó di 1926, lẹ́yìn ọdún 691, kí òfin tó gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ti 1987 ni ó sì mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ tí ó kù kúrò.

Ẹ wo William, ẹni tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066. Bàbá rẹ̀, olórí Normandy, kò gbé ìyá rẹ̀ níyàwó, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ ọmọ náà, ó sì mú kí àwọn ìjòyè búra fún un. Síbẹ̀ “William the Bastard” ni a ń pè é. Àwọn akọ̀wé ìtàn ròyìn pé, nígbà tí ó gbógun ti Alençon, àwọn ará ibẹ̀ fi awọ ẹran ṣe yẹ̀yẹ́ ìdílé ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó sì borí, ó gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. A kò yin ìwà ìkà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé William ni wọ́n dojú kọ, ìyá rẹ̀ tí kò sí lójú ogun ni òkò náà bà.

Lónìí, bí Gẹ̀ẹ́sì kan bá sọ ọ́ nínú ìbínú, kì í sábà rántí ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni. Ní Australia, ọ̀rẹ́ a tilẹ̀ máa fi ṣe ọ̀rẹ́ lẹ́fẹ̀. Òfin tí ó fún ọ̀rọ̀ náà ní eyín ti kú lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀wù “ọmọ àlè” ni ó gbé wọ̀, eyín rẹ̀ sì tún mú.

Ohun kan náà ha ni wọ́n bí? Rárá. Lọ́dọ̀ àwọn baba wa, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́wọ́ tí ó sì sọ lórúkọ, ọmọ ilé ni. Ní 1955, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tẹ̀lé àṣà yìí, ó jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá àwọn ọmọ ìgbéyàwó pín ogún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdájọ́ mìíràn ní 1960 fi ààlà sí i. Ọmọ àlè ni èyí tí aya ẹni bí fún ọkùnrin mìíràn. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọ, ó ti fi ẹ̀sùn panṣágà kan ìyá rẹ̀, láìsí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rí èké ni èyí, Òfin Mẹ́wàá sì kọ̀ ọ́.

Ẹnìkan lè wí pé, “Àwọn àgbà wa ń lò ó: ọmọ àlè ní í rínú tí kì í bí, ọmọ àlè ni à á bẹ̀ tí kì í gbọ́.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwà ni òwe yẹn ń bá wí. Ẹni tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lánàá lè gbọ́ lónìí, kí orúkọ náà sì kúrò lára rẹ̀. Ìbáwí tòótọ́ a máa fi ọ̀nà àtúnṣe sílẹ̀. Ọmọ tí ó pẹ́ dé lè tètè dé lọ́la. Ṣùgbọ́n kí ni yóò ṣe sí bí a ti bí i?

Bí ẹ bá sì wí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́ nípa ọmọ kan ńkọ́? Nígbà náà ni ó burú jù. Àwọn arákùnrin Jẹ́fútà lé e jáde nílé nítorí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ogun dé, òun náà ni àwọn àgbààgbà Gílíádì lọ bẹ̀ kí ó wá ṣe olórí wọn. Láti 1979 ni ìwé òfin Nàìjíríà pẹ̀lú ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi bí a ti bí ènìyàn dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá pẹ́ dé, ẹ sọ fún un pé ó pẹ́ dé, kí ẹ sì bá a wí bí ó ti yẹ. Ẹ fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Kí Olúwa fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu gbogbo wa.