Ọ́ìlì Tuntun Nínú Gíà Tó Ń Yọ̀

Ẹ ṣí Léfítíkù 19:14, lórí ohun tí afọ́jú lè kọlù.

Ká ní ẹ fẹ́ ta ọkọ̀ ọtọmátíìkì yín. Gíà rẹ̀ máa ń yọ̀ bẹ́ ẹ bá ń gun òkè Màpó. Ó ku ọ̀la kí oníbàárà dé, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ nílé, ẹ tú ọ́ìlì dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ rọ pupa tuntun sí i. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ti àtijọ́ sí gọ́tà Ọjà'ba.) Oníbàárà dé, ó fa géèjì yọ, ó rí pupa, inú rẹ̀ dùn. Ẹ ò purọ́ kankan. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ọ́ìlì yẹn kì í jáde tán lẹ́ẹ̀kan. Púpọ̀ ṣì wà nínú torque converter. Clutch inú gíà tó bá sì ti jẹ tán, ọ́ìlì tuntun ò lè hù ú padà. Ẹ̀yin mọ̀, afọ́jú ni oníbàárà síbẹ̀.

Àwọn kan á ní ọjà ni, kó mú mẹkáníìkì tiẹ̀ wá. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí lẹ torí ẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì lálẹ́ yẹn: ọkọ̀ ni, àbí ojú mẹkáníìkì náà?

Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó dára. Kẹ́ ẹ wá sọ fún un pé ó ń yọ̀ lórí òkè. Owó á dín lóòótọ́, àmọ́ á mọ iye tó yẹ kó fi pamọ́ fún gíà.