Lẹ́tà Ọ̀gá Ogun: Ta Ni Yóò Jíyìn?



Ní 2004 ni wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà ogun Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó darí 3rd Marine Commando nígbà ogun Bìáfírà, jáde ní ìwé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló mú ìbéèrè yìí wá sí mi lọ́kàn: bí ọ̀gá bá kọ̀wé rere sí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì lọ ṣe ibi, ṣé ọrùn ọ̀gá ti mọ́?

Ní oṣù Keje 1967 tí ogun bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gágun Gowon, olórí ìjọba, fi ìwé ìlànà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ọmọ-ogun rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ pa ọmọdé tàbí aláboyún. Wọn kò gbọdọ̀ pa ẹni tó bá juwọ́ sílẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ ba mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ìwé tó dára ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, àwọn ọmọ-ogun 2nd Division wọ Àsábà. Àwọn ará ìlú wọ aṣọ funfun, wọ́n ń jó bọ̀ wá kí wọn káàbọ̀. Wọ́n ya àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn. Murtala Muhammed ni olórí 2nd Division nígbà náà, Mùsùlùmí bíi tiwa. N kò ní tìtorí èyí fo ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó yìnbọn kò ní àwáwí. Nígbà ayé Ànábì (SAW), ọ̀gá ogun kan bínú, ó ní kí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ kó sínú iná. Wọ́n kọ̀. Ànábì ní ká ní wọ́n wọ inú rẹ̀ ni, wọn kì bá tí jáde mọ́. Nínú ohun rere nìkan ni ìgbọràn wà.

Ọ̀gá tó kọ̀wé ńkọ́? Sayyidina Umar náà kọ̀wé sí Sa'd ọmọ Abi Waqqas, akọni ogun Qadisiyya. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé Sa'd fi ilẹ̀kùn ààfin rẹ̀ ní Kufa ti àwọn ènìyàn síta, ó rán Muhammad ọmọ Maslama lọ sun ilẹ̀kùn náà. Ìwé nìkan kò tó o lójú; ó rán ẹni tí yóò fojú rí i. (Àwa tí à ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, mélòó la padà lọ wò?)

Lójú tèmi, ẹni tó kọ̀wé tí kò bèèrè ohun tí wọ́n fi ìwé náà ṣe, kò tíì kọ ọ́ tán. Gowon tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Àsábà ní 2002, lẹ́yìn ọdún 35.